Ráhábù Inú Òkun Kì í Ṣe Ráhábù Jẹ́ríkò



Ráhábù tí Aísáyà 51:9 sọ pé Ọlọ́run gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ kì í ṣe obìnrin Jẹ́ríkò tó fi àwọn amí pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpilẹ̀kọ kan tó jáde sọ pé òun ni; ẹranko abàmì inú òkun ni. Àkọtọ́ Yorùbá ló pa orúkọ méjèèjì pọ̀. Lédè Hébérù, lẹ́tà àárín wọn yàtọ̀ síra. Ti obìnrin náà jẹ mọ́ fífẹ̀. Ti ẹranko abàmì náà jẹ mọ́ ìgbéraga àti ìrugùdù, ó sì bá Jóòbù 26:12 mu, níbi tí òkun ti ń ru. Ó dunni pé ẹ̀bi ẹranko di ti obìnrin onígbàgbọ́. Aísáyà 30:7 fi orúkọ ẹranko yìí pe Íjíbítì, agbéraga tí ìrànwọ́ rẹ̀ já sí asán. Orin Dáfídì 87:4 náà pè é bẹ́ẹ̀.