Ìjà Àwọn Aláṣẹ àti Ọrọ̀ Tí Ó Sùn sí Abẹ́ Ilẹ̀ Wa

Àwọn baba wa a máa wí pé bí erin méjì bá ń jà, koríko ni í fara gbá a. Ohun tí a kì í sábà fi kún òwe yìí ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìjà yóò sú àwọn erin náà, tí wọn yóò sì jọ máa jẹ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n koríko tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò rí ẹni bá a dìde. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, pàápàá ẹ̀yin ará Ìjerò, ẹ̀yin ará Arámọ̀kọ, ẹ̀yin ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì: ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń fi òòrùn jìyà nítorí ìbò, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wa wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé òṣì ni ó ń fa ìjà láàrin àwọn aláṣẹ, àti pé bí ìlú bá ti lè lówó, àlàáfíà yóò dé. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Jàpáàn. Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ̀ pé àwọn ará Jàpáàn mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ọkọ̀ wọn ni ó kún ojú ọ̀nà wa. Ní òpin ọdún 1989, iye ìpín òwò nínú ọjà ìdókòwò Tókíò ga dé ibi tí kò dé rí. Lẹ́yìn èyí ni ó já lulẹ̀, ọdún 34 ni ó sì gbà kí ó tó tún ga dé ibẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 2024. Òótọ́ ni pé ìṣòro náà ní ju ìdí kan lọ: gbèsè wọ àwọn ilé ìfowópamọ́ lọ́rùn, àwọn arúgbó sì ń pọ̀ sí i nígbà tí ọmọ ń dín kù. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí ó yẹ kí àwọn aláṣẹ fohùn ṣọ̀kan láti wá oògùn sí i, ìjà ni wọ́n ń jà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2012, olórí ìjọba 6 ni ó jẹ ní Jàpáàn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lo ọdún 2 lórí oyè náà. Ní apá kan nínú àwọn ọdún wọ̀nyí, ẹgbẹ́ kan ni ó pọ̀ jù nínú ilé aṣòfin kìíní, ẹgbẹ́ alátakò ni ó pọ̀ jù nínú ilé kejì. Ohun tí èyí bá dì, èyíinì a tú u.

Jàpáàn nìkan kọ́. Ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹfà ọdún 2010, ọjọ́ 541 ni ó kọjá kí àwọn ẹgbẹ́ tó lè fẹnu kò láti gbé ìjọba tuntun kalẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó dúró fún ọjọ́ 43 nítorí pé àwọn aṣòfin kò gbọ́ ara wọn yé lórí ọ̀rọ̀ ìnáwó, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì ń wò láìgba owó. Síbẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ní abà tí ó kún. Ẹni tí iṣu kún abà rẹ̀ lè fi ọdún kan bá aládùúgbò rẹ̀ ṣẹjọ́ kí ebi tó wọlé tọ̀ ọ́. Àwa tí à ń wo ojú oṣù kí a tó se ọbẹ̀ ńkọ́?

A kò níláti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí. Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti jẹ́ ilé ọlọ́rọ̀ rí. Owó kòkó, èyí tí àwọn àgbẹ̀ Èkìtì ní ipa tiwọn nínú rẹ̀, wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí a sì fi rí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group láàrin àwọn tí ó tẹ̀lé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn tí ó tẹ̀lé Olóyè S. L. Akíntọ́lá. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1962, àwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ilé aṣòfin àpapọ̀ kéde pé ìlú kò fara rọ, wọ́n sì fi Dókítà M. A. Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó títí ọdún náà fi parí. Ìjà náà kò tán. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965, iná ni wọ́n fi ń jó ilé àti ènìyàn; ní oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba. Ọrọ̀ kò gba ilé náà sílẹ̀.

A dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, gbogbo wa sì yọ̀ pé a ti gba ilé tiwa. Kí ni a fi ilé náà ṣe? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006, ilé aṣòfin yọ Gómìnà Ayọ̀délé Fáyọ̀ṣe. Fún ọjọ́ mélòó kan, ó ju ẹni kan lọ tí ó ń pe ara rẹ̀ ní gómìnà, títí Ààrẹ fi kéde pé ìlú kò fara rọ, tí ó sì rán Ọ̀gágun Adétúnjí Olúrìn wá. Ìbò ọdún 2007 di ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ láàrin Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́gun Òní àti Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí, kò sì yanjú títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá ọdún 2010. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, nínú ilé aṣòfin ẹlẹ́ni 26, àwọn 7 tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ gómìnà jókòó, wọ́n ní àwọn ti yọ abẹnugan. Àwọn 19 yòókù ní irọ́ ni. Abẹnugan méjì ni a ní títí àkókò ilé náà fi tán ní oṣù Kẹfà ọdún 2015. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ méjì nìkan ni, kí ó rántí oṣù Kọkànlá ọdún 2022: wọ́n yan abẹnugan ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n yọ ọ́ ní ọjọ́ kọkànlélógún, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà sì ni ẹni tí wọ́n yọ àti ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀.

A kò ka àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ láti fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àlàyé tirẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì wà fún ẹ̀tọ́ ẹni. Ohun tí à ń bèèrè ni pé: ta ni ó san owó ìjà náà? Ní ọdún 2016, oṣù tí a jẹ àwọn òṣìṣẹ́ Èkìtì kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì, tí wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀ ní ayé nígbà náà, tí owó tí ń ti Àbújá wá sì dín kù. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń gbọ́ ní ojoojúmọ́ ni pé ìjọba tí ó wà lórí oyè ń di ẹ̀bi ru gbèsè ìjọba àná, àwọn ti àná sì ń sọ pé àwọn kọ́. Olùkọ́ tí ó dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé pẹ̀lú ebi nínú kò bèèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Owó ilé-ìwé ọmọ tirẹ̀ ni ó ń rò.

Ẹ wá wo Ìjerò. Abẹ́ ilẹ̀ Ìjerò kún fún ọrọ̀: amọ̀ funfun wà níbẹ̀, fẹ́lísípà tí a fi ń ṣe gíláàsì àti abọ́ wà níbẹ̀, tíìnì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkúta tí à ń rí lítíọ́mù nínú rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń wá lójú méjèèjì báyìí nítorí bátìrì ọkọ̀. Àpótí kan ni, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ méjì. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí abẹ́ gómìnà. Àgbẹ̀ tí ó jogún oko náà lọ́wọ́ baba rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́. Bí àwọn tí ó mú kọ́kọ́rọ́ bá ń bá ara wọn ṣọ̀tá, àpótí náà kò ní ṣí fún ìlú; ṣùgbọ́n olè kò nílò kọ́kọ́rọ́. Àwọn tí ń wa ilẹ̀ láìgbàṣẹ a máa wà á, wọn a gbé òkúta lọ, wọn a sì fi kòtò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa láti máa ṣubú sí.

Èrò tiwa ni pé ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí gbogbo ará ìwọ̀-oòrùn Èkìtì béèrè. Ìkíní ni pé kí a yọ owó oṣù kúrò nínú ìjà. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Inú owó yìí ni a ti ń san ti àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdájọ́ tí ó wà nínú ìwé kò bọ́ ẹnikẹ́ni. Kí a máa bèèrè ní Ìjerò, ní Arámọ̀kọ àti ní Ẹ̀fọ̀n, iye tí ó wọlé àti ohun tí a fi ṣe. Ìkejì ni pé iṣẹ́ tí ìjọba kan bá bẹ̀rẹ̀, kí èyí tí ó tẹ̀lé e parí rẹ̀. Ọ̀nà kò ní ẹgbẹ́. Kòtò inú rẹ̀ kò mọ ẹni tí ó dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ìkẹta ni pé kí ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn ọba wa, Ajerò, Alára àti Aláayè, pẹ̀lú àwọn tí ó ni oko, jókòó sí ìdí tábìlì kan lórí ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì. Òfin ìpìlẹ̀ sọ pé ohun tí yóò padà sí ibi tí a ti wa ọrọ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 13 nínú 100. Ìdá 13 nínú ohun tí wọ́n jí gbé jẹ́ òfo.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a bẹ̀ yín: ẹgbẹ́ tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọrùn láti ka ẹ̀ṣẹ̀ alátakò. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni í sọ òótọ́ fún un kí ojú tó tì í. Nígbà tí aṣojú yín bá dé láti wá kí yín, ẹ má ṣe bi í léèrè iye ọ̀tá tí ó ṣẹ́gun. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó bá ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ṣe parí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ ti jẹ ìyà yìí jù, ẹ̀yin náà ni ẹ sì lè wò ó sàn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ọdún 1962 àti ti ọdún 2006 láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé ọlọ́rọ̀ kò ju kí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ gbọ́ ara wọn yé lọ.

Ní Ìkògòsì, níbi tí kò jìnnà sí ìloro ilé wa, omi gbígbóná àti omi tútù ń sun láti inú ilẹ̀ kan náà. Gbígbóná kò sọ pé kí tútù kọ́kọ́ gbóná kí àwọn tó jọ rìn. Tútù kò sì sọ pé kí gbígbóná kọ́kọ́ tutù. Wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ. Ọmọ ìlú Ìkògòsì náà ni àwọn ará Èkìtì dìbò yàn sípò gómìnà ní ọdún 2022, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì ni à ń sọ fún àwọn aláṣẹ wa. Ẹ pàdé, kí ẹ sì jọ ṣàn. Koríko ti fara gbá a tó.