Ọmọ Tó Wọlé Yín Láàyè

Ẹ̀yin alákòóso ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà, àti ẹ̀yin ìjọba tó yàn wọ́n sípò, ẹ̀yin ni mo fẹ̀sùn kàn. Ìwádìí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 39 ló kú kí wọ́n tó pé oṣù kan. Nínú ìwádìí 2023 sí 2024, wọ́n di 41. Àwọn tí a bí lókùú kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ ń di ẹ̀bi ru aláboyún. "Kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ilé agbẹ̀bí ló ti ń bọ̀." Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè dé. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ti gbé fèrè ìyẹ̀wò kékeré lé ikùn obìnrin náà, tó tẹ́tí, tó sì gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù kìkì, ọrùn yín ni ọmọ náà wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní, lágbàáyé, ó lé ní 40 nínú 100 ọmọ tí a bí lókùú tó jẹ́ pé ìgbà tí ìyá ń rọbí ni wọ́n kú. Ọ̀pọ̀ wọn ló ṣeé gbà là.

Ẹ̀sùn kejì: owó ni ẹ ń kọ́kọ́ béèrè. Dókítà ti ní iṣẹ́ abẹ ló kù, síbẹ̀ ọkọ ṣì ń sáré láti ibi ìsanwó dé ilé oògùn, ó ń ra ìbọ̀wọ́, ó ń ra dírípù, ó ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Ọmọ tí èémí ń tán lọ nínú ikùn kò lè dúró de rìsíìtì. Ẹ má sọ pé ọ̀fẹ́ kò ṣeé ṣe: ìjọba Gómìnà Mímikò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe é ní Àkúrẹ́, ní ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tí wọ́n ṣí ní 2010.

Ẹ̀sùn kẹta: ẹ kì í ṣọ́ ìrọbí bó ti yẹ. Ìṣẹ́jú 30-30 ló yẹ kí wọ́n máa kọ lílù ọkàn ọmọ sínú pátógíráàfù, ìwé tí wọ́n fi ń ṣọ́ bí ìrọbí ṣe ń lọ. Níbi tí nọ́ọ̀sì kan bá ti ń ṣọ́ obìnrin mẹ́fà, ìgbà tí ọmọ bá ti jáde tán ni wọ́n ń kọ ọ́.

Ẹ̀sùn kẹrin: iná. UCH Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní 100 ọjọ́ láàárín 2024 àti 2025, nítorí gbèsè iná mànàmáná. Ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru, iná ló ń lò.

Ẹ̀sùn karùn-ún: ẹ ń sin ìdí ikú mọ́ òkú. Ọmọ tó ti kú tipẹ́ nínú oyún, awọ rẹ̀ á ti máa bó. Èyí tó kú nígbà ìrọbí, ara rẹ̀ ṣì ń dán. Agbẹ̀bí yín mọ ìyàtọ̀ yìí, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ta ló ń ka ìwé náà? "Omi ló dànù, agbè kò fọ́" ni ẹ ń wí fún ìyá. Aládùúgbò tó wá kẹ́dùn ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́nu ẹni tó yẹ kó ṣàlàyé, ìbòjú ni.

Ẹ jẹ̀bi. Ohun tí mo ń béèrè kò ju èyí lọ: lóṣooṣù, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan kéde iye ọmọ tó wọlé láàyè tó sì bá ìrọbí lọ, iye tó kú kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àti ohun tó pa wọ́n.