Ẹ Kọ́ Nọ́ọ̀sì Wa, Kí Ẹ sì Fún Un Níwèé Àṣẹ

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọmọ Pobè àti Sakété! Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí la gbé wá.

Tí ara ò bá yá ní abúlé wa, ta la máa ń bá ní ilé ìwòsàn? Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni. “Dókítà” là ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n òru ló ń fi òótọ́ hàn. Bí ìbí bá ṣòro, tó jẹ́ iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn ní iṣẹ́ abẹ, wọn ò sì fún wọn láṣẹ ẹ̀. Mọ́tò ni wọ́n máa wá, àwa á máa gbàdúrà lójú ọ̀nà.

Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ dókítà, dókítà ni kó ṣe é. Pé ìtọ́jú gbà-má-pòóṣì-roro ni wọ́n fẹ́ fún ará oko. Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu ẹni tó ń gbé Cotonou. Lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe láàárín dókítà àti nọ́ọ̀sì la ti ń yàn. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ àti nọ́ọ̀sì tí wọn ò kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ẹ wo Mòsáńbíìkì. Láti 1984 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ní iṣẹ́ abẹ. Ọdún 3 ni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀: 2 ní ọsibítù ńlá Maputo, 1 ní ọsibítù ìgbèríko. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò lára àwọn aboyún, kò yàtọ̀ sí ti dókítà. Lẹ́yìn ọdún 7, nǹkan bí 9 nínú 10 wọn ṣì wà níbi tí wọ́n rán wọn lọ. Àwọn dókítà ti kó ẹrù wọn. Gánà tó wà nítòsí wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ní Kintampo ní 1969.

Ṣùgbọ́n a ò gbàgbé Dakar o. Ní 1918, àwọn Faransé ṣí ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀ fún àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ ni Houphouët-Boigny ti jáde ní 1925. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ń ṣe, “olùrànlọ́wọ́” ni wọ́n ń pè wọ́n. Irú ìyẹn la ò fẹ́.

Ọsibítù yunifásítì ti Ouémé-Plateau wà ní Porto-Novo. Plateau, àwa náà nìyẹn. Kí wọ́n mú nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n kọ́ wọn níbẹ̀ lábẹ́ ojú àwọn ọ̀gá dókítà. Kí òfin kọ ohun tí wọ́n lè ṣe àti ohun tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kí owó oṣù wọn bá iṣẹ́ wọn mu. Kí wọ́n sì dá wọn padà sọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yin ìjòyè, tí àwọn dépité bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè èyí kí ẹ tó gba obì lọ́wọ́ wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.