Lẹ́yìn Iṣẹ́, Ó Yẹ Kí Á Jókòó

Ní ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé ọdún 2023, ará Ṣakí, ará Ìsẹ́yìn àti gbogbo Nàìjíríà jáde láti dìbò yan Ààrẹ àti àwọn aṣòfin àpapọ̀. Nígbà tí ó di àtifi àwòrán ìwé èsì ránṣẹ́ sí ojú òpó IReV ti àjọ INEC, ti àwọn aṣòfin wọlé, ṣùgbọ́n ti Ààrẹ kọ̀, kò wọlé fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Àlàyé INEC ni pé àṣìṣe wà nínú àká ìsọfúnni, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní dátábéèsì. Ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀ ni wọ́n pín in sí. Èsì aṣòfin kọ̀ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀; ti Ààrẹ kò ní, nítorí gbogbo orílẹ̀-èdè ni àgbègbè ìdìbò rẹ̀. Ẹ̀rọ wá ìpínlẹ̀ tí yóò fi í sí, kò rí i, ó sì dá a padà. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ̀ pé bí a bá ta òwú lódì, ọwọ́ yíyára kò lè tún aṣọ náà ṣe.

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé oṣù Èrèlé ọdún 2024 ni ìwé ìròyìn INEC lórí ìdìbò náà tó jáde. Ẹjọ́ ti parí ní kóòtù nígbà náà, ìfura sì ti ta gbòǹgbò.

Àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ní àṣà tí ó yẹ kí á yá lò. Ní ọdún 2001, àwọn 17 nínú wọn pàdé ní Utah, ní Amẹ́ríkà. Lára ìlànà tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé kí òṣìṣẹ́ máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò lóòrèkóòrè. Kí ni ó dára? Kí ni kò dára? Kí ni a ó yí padà? Kì í ṣe láti wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn.

Èrò tiwa ni pé kí INEC dán àká rẹ̀ wò ní gbangba fún oríṣi ìdìbò gbogbo, kí àlàyé àṣìṣe sì máa jáde láàárín oṣù kan. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ní Òkè-Ògùn, kí ẹ tó bú ẹ̀rọ, ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wọ́ọ̀dù yín dà? Ẹ̀dà ìwé èsì tí aṣojú yín gbà ní ibùdó ìdìbò dà? Ẹ̀yin olùkọ́, tí ẹ ń pe rẹ́jísítà lójoojúmọ́, ẹ kọ́ wọn bí a ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀.

Ẹni tí kò wo ẹ̀yìn, ibi tí ó ti ṣubú lánàá ni yóò tún ṣubú sí lọ́la.