Ẹ Jẹ́ Kí Omi Dé Ilé: Ẹ̀bẹ̀ sí Àwọn Aláṣẹ Trínídáàdì àti Tòbágò

Ẹ̀yin àgbà wa tí ìlú gbé agbára lé lọ́wọ́, ẹ̀yin Ìyáàfin Kamla Persad-Bissessar, Olórí Ìjọba, ẹ̀yin mínísítà, ẹ̀yin aṣòfin ẹgbẹ́ ìjọba àti ti ẹgbẹ́ alátakò, ẹ̀yin tí ẹ ń darí Tòbágò láti Scarborough, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọmọ Yorùbá ni mí, ọmọ ìlú yín náà sì ni mí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2024, àwọn tí wọ́n pa ní orílẹ̀-èdè yìí ju 600 lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa kò pé mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ìgbà náà ti kéde òfin pàjáwìrì. Ilé ìfọpo Pointe-à-Pierre ti wà ní títì láti ọdún 2018. Oníṣòwò ń wá dọ́là Amẹ́ríkà ní báńkì, kò rí i. Mi ò ní kí ẹ pa ìkankan tì nínú ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún lónìí, omi ni.

Ìdí tí mo fi mú omi ni pé ẹnu ẹ̀rọ omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdé ìjọba lójoojúmọ́. Ẹni tí kò ní ẹjọ́ ní kóòtù, tí kò mọ mínísítà kankan, tí kò sì tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ìjọba, yóò ṣáà wẹ̀, yóò ṣáà dáná. Trínídáàdì kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀dá. Láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kejìlá ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá gba Laventille dé Morvant, tó sọ̀kalẹ̀ gba Chaguanas lọ sí San Fernando àti Point Fortin, táǹkì dúdú ni yóò máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọlọ́rọ̀ àti ti mẹ̀kúnnù. Àwọn àdúgbò wà tó jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni omi ń yọjú. Ẹni tó rí owó ná ra táǹkì ńlá, ó ra ẹ̀rọ tí yóò fa omi sókè, bó bá sì tán, ó ránṣẹ́ pe ọkọ̀ tó ń gbé omi tà. Ìyá tí kò rí owó ná a máa dìde lóru kó lè gbe omi sínú garawa àti kẹ́ẹ̀gì, ilẹ̀ á sì mọ́, á tún gba ibi iṣẹ́ lọ. Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Bí omi kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, kò sí ohun tí ìjọba lè fi rọ́pò rẹ̀ fún un.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn tí àgbàrá ń ba ilé wọn jẹ́ náà ni ẹ̀rọ omi wọn ń gbẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àwọn odò tó ń ṣàn lọ sínú Caroni kún àkúnya, omi wọ inú ilé àwọn ará Greenvale ní La Horquetta, ó ba bẹ́ẹ̀dì, firíìjì àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́. Odò Caroni yìí kan náà ni orísun omi ilé iṣẹ́ ìfọmi tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ wa, èyí tó lágbára láti pèsè nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Nígbà tí òjò ńlá bá wọ́ ilẹ̀ orí òkè wá sínú odò, omi á ki fún ẹrẹ̀ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ní láti dín iṣẹ́ kù tàbí kí wọ́n dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ṣe máa ń rọ̀ tí ẹ̀rọ omi á gbẹ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ń gé igi orí òkè àríwá, wọ́n ń dáná sun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń wa òkúta àti yanrìn, àwọn mìíràn láìgba ìwé àṣẹ. Òjò dé, kò bá gbòǹgbò tí yóò di ilẹ̀ mú. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Tiwa gbàgbé orísun rẹ̀, ó ń di àgbàrá.

Tòbágò ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1776, àwọn aṣòfin erékùṣù náà sọ igbó orí Main Ridge di igbó ọba, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin pé kí òjò má baà dáwọ́ dúró ni. Ayé ìrèké àti ayé ẹrú ni ayé ìgbà náà, àwọn olóko tó ṣòfin yẹn kò sì ṣe é nítorí àánú ènìyàn. Wọ́n rí i pé bí igbó bá lọ, òjò á tẹ̀ lé e, oko á sì kú. Igbó náà ṣì dúró dòní, ó sì wà lára àwọn igbó tí òfin ti ń dáàbò bò pẹ́ jù lọ láyé. Bí àwọn tí èrè ìrèké nìkan wà lọ́kàn wọn bá lè fi òfin dáàbò bo òkè, ìjọba tí àwọn ọmọ ọmọ ẹrú àti ti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà dìbò yàn yẹ kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún òkè àríwá Trínídáàdì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan nípa Red House tí ẹ ti ń ṣòfin. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1903, àwọn ará Port of Spain sun ilé náà nítorí omi. Ìjọba àwọn Òyìnbó ń gbé òfin kan bọ̀ lórí owó omi àti mítà. Inú àwọn tó ń san owó omi kò dùn sí i. Wọ́n fẹ́ wọlé wá gbọ́ àsọyé, ìjọba ní àfi ẹni tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọjọ́ náà parí, ilé ti jóná, ọlọ́pàá ti yìnbọn, ènìyàn 16 sì kú. Gómìnà ìgbà náà, Alfred Moloney, kì í ṣe àjèjì sí ìtàn Yorùbá. Òun ni gómìnà Èkó ní ọdún 1886 tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn láti parí ogun Kírìjì, tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ lọ gbọ́ tẹnu Ìbàdàn, wọ́n sì lọ gbọ́ tẹnu Èkìtìparapọ̀. Ní Port of Spain, kò sí ẹni tó jẹ́ kí ará ìlú wọlé sọ tiwọn. Wọ́n tún ilé náà kọ́, ẹ sì ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ní àìpẹ́ yìí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ omi bá tún délẹ̀.

Yóò sì délẹ̀. Láti ọdún 1993 ni iye tí àwọn onílé ń san fún WASA, àjọ omi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, kò ti yí padà. Ó yé mi pé owó yẹn kò tó ṣiṣẹ́, pé àpò ìjọba ló ń dí àlàfo rẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì omi tí wọ́n ti fọ̀ ló ń jò dànù nínú páìpù tó ti gbó kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Láti 2002 ni ilé iṣẹ́ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ti ń ṣiṣẹ́ ní Point Lisas, dọ́là Amẹ́ríkà ni a sì fi ń san owó omi rẹ̀. Dọ́là tí oníṣòwò ń wá tí kò rí ni a fi ń ra omi, a sì ń dà á sínú páìpù tó ń jò. Kò tọ́ kí a ní kí mẹ̀kúnnù san owó omi tó ṣòfò sí abẹ́ títì.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín lórí nǹkan márùn-ún.

Èkíní, ẹ dí páìpù tó ń jò kí ẹ tó kọ́ ilé iṣẹ́ omi tuntun. Omi tí a dáwọ́ òfò rẹ̀ dúró, a ti fọ̀ ọ́ tán, a ti sanwó rẹ̀ tán.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ ọjọ́ tí omi yóò dé, kí omi sì dé lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ní lè dé, kí wọ́n tètè sọ, kí wọ́n sì gbé ọkọ̀ omi lọ sí ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé arúgbó kí wọ́n tó gbé e lọ síbòmíràn.

Ìkẹta, ẹ má fi kún owó omi ní àdúgbò tí omi kò ti ń dé déédéé. Bí ẹ bá máa fi kún un níbi tí ó ti ń dé, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ará ibẹ̀, kí iye omi tí ìdílé mẹ̀kúnnù kò lè ṣe aláìlò sì wà ní owó pọ́ọ́kú.

Ìkẹrin, ẹ fi òkè, odò àti páìpù sí abẹ́ ètò kan ṣoṣo. Ẹni tó ń fún àwọn tó ń wa òkúta níwèé àṣẹ gbọ́dọ̀ máa bá ẹni tó ń fọ omi ní Caroni sọ̀rọ̀. Ẹ gbin igi padà sórí òkè tó ti jóná, kí ẹ sì jẹ́ kí òfin mú ẹni tó ń wa ilẹ̀ láìgbàṣẹ, bó ti wù kí ó lówó tó.

Ìkarùn-ún, tó sì ṣe pàtàkì jù, kí ẹgbẹ́ méjèèjì tọwọ́ bọ ètò omi kan tí kò ní kú nígbà tí ìjọba bá yí padà. Ìjọba tó lọ gbé àbọ̀ ìwádìí lórí WASA wá sí Ilé Aṣòfin ní 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúntò. Ìjọba yí padà ní 2025, àtúntò náà dúró. Mi ò sọ pé ètò ti àkọ́kọ́ dára tàbí pé kò dára. Ohun tí mo mọ̀ ni pé páìpù kì í fi ọdún márùn-ún gbó, a kò sì lè fi ọdún márùn-ún tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ìyáàfin Olórí Ìjọba, ẹ ti wà lórí àga yìí rí, láti 2010 sí 2015. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2025, ará ìlú tún fún yín ní ìjókòó 26 nínú 41. Ẹni tó ní agbára tó bẹ́ẹ̀ lè na ọwọ́ sí ẹgbẹ́ alátakò láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní aláìlágbára. Gbogbo wa mọ̀ pé ìbò ìlú yìí ń tẹ̀ lé ẹ̀yà: ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ní apá kan, ọ̀pọ̀ ọmọ Íńdíà ní apá kejì. Omi nìkan ni gbogbo wa jọ ń bọlá fún. Àwọn olórìṣà ń lọ sí etí odò lọ bọ Ọ̀ṣun, orúkọ tí àwọn baba ńlá wọn gbé wá láti ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń péjọ sí odò Marianne ní Blanchisseuse fún ayẹyẹ Ganga Dhaara. Àwọn Spiritual Baptist, tí òfin fi dè láti 1917 sí 1951, inú omi ni wọ́n ti ń ṣèrìbọmi. Ibi tí gbogbo wọn ti ń wá ìbùkún ni ẹrẹ̀ àti pàǹtírí ń bà jẹ́. Bí ẹ bá tún odò ṣe, kò sí ẹ̀yà tí yóò sọ pé ẹ kò ṣe tòun.

Ẹ̀yin ará ìlú ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀bẹ̀ yìí kàn yín náà. Ẹ má da ìgò àti firíìjì tó ti bàjẹ́ sínú odò. Ẹ má dáná sun igbó nítorí pé ó rọrùn ju kí á ro ó lọ. Nígbà tí olùdíje bá sì kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bi í léèrè iye ọjọ́ tí omi yóò máa dé lọ́sẹ̀ àti ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́jà báyìí. Ẹ jẹ́ kí omi dé ilé kí ẹ tó béèrè owó sí i. Ẹ jẹ́ kí ará ìlú sọ tẹnu wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí òfin. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe é nísinsìnyí.