Àbùlẹ̀ tàbí Aṣọ Tuntun?

"Má fọwọ́ kàn án o. Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́?" Ohun tí Màmá tó ni ilé-ìwé aládàáni kan tí mò ń bá tọ́jú ìkànnì l'Ádó-Èkìtì máa ń sọ fún mi nìyẹn. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Ìlá kò gbà bẹ́ẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ọ́pdéètì ti jáde láti àná. Kí la tún ń dúró dè?" Àárín àwọn méjèèjì ni mo wà, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀rù Màmá ní ìdí. Ọjọ́ tí àwọn òbí ń wo èsì ìdánwò ni mo gbé sáfà ilé-ìwé náà láti Ubuntu 20.04, ètò tó ń darí sáfà, bọ́ sí 22.04. PHP, èdè tí a fi kọ ìkànnì náà, kúrò ní 7.4 ó di 8.1, ohun tí ẹni tó kọ́ ìkànnì náà ti kọ sílẹ̀ látijọ́ kò bá a mu mọ́, ojú ìkànnì sì funfun báláú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ tún wo ti iná. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí bátìrì ínfátà sì kú nígbà tí sọ́fítíwià ń wọlé lọ́wọ́, iṣẹ́ á há sí agbede méjì, àfi kéèyàn tẹ "dpkg --configure -a" kó tó lè parí.

Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó sáré ló kó sí wàhálà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Apache 2.4.49, sọ́fítíwià tó ń gbé ìkànnì jáde, dé pẹ̀lú ihò kan tí àjèjì lè gbà ka fáìlì tí kò yẹ kó rí. Wọ́n gbé 2.4.50 jáde ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, kò dí ihò náà tán. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni 2.4.51 tó dé. Debian 11, ètò sáfà bíi Ubuntu, tó ṣì wà lórí 2.4.48 nígbà náà, kò fara gbá nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Gbàrà tí wọ́n bá ti kéde ihò kan, àwọn olè náà ti gbọ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń kanlẹ̀kùn kiri. Kò bìkítà bóyá báńkì l'Ékòó ni tàbí ilé-ìwé l'Ádó. Àbùlẹ̀ sọ́fítíwià Struts ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2017. Ilé-iṣẹ́ Equifax ní Amẹ́ríkà kò lẹ̀ ẹ́, olè wọlé ní oṣù karùn-ún, àṣírí nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 èèyàn sì lọ. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí wọn àti nọ́ńbà fóònù òbí ló wà nínú sáfà tiwa. Èyí ló ń ká mi lára jù.

Lójú tèmi, nǹkan méjì ni àwọn èèyàn mi ń pè ní ọ́pdéètì. Àwọn àgbà ní àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́. Iṣẹ́ tí àwọn ará Debian ń ṣe gan-an nìyẹn: lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á mú àtúnṣe ihò nìkan, wọ́n á rán an mọ́ ẹ̀dà àtijọ́. Ìdí nìyí tí sọ́fítíwià OpenSSL inú Debian 7 fi ṣì ń jẹ́ 1.0.1e lẹ́yìn tí wọ́n ti dí ihò Heartbleed ní 2014. Ti irú àbùlẹ̀ yìí, ọmọ náà ló jàre: kí a lẹ̀ ẹ́ lóru ọjọ́ náà. Ti aṣọ tuntun, ìyẹn ẹ̀dà tuntun pátápátá, Màmá ló jàre, ó lè dúró.

Àmọ́ kò lè dúró títí. CentOS 8, ètò sáfà mìíràn tí wọ́n ní àbùlẹ̀ rẹ̀ yóò dé 2029, wọ́n gé e kúrú ní òpin 2021. Àbùlẹ̀ gbogbogbòò fún Ubuntu 20.04 parí ní 2025. Ó di dandan kí n gbé sáfà náà kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ èsì ìdánwò ni kò yẹ kí n mú.

Ní báyìí, aago méjì òru ni àbùlẹ̀ ń wọlé fúnra rẹ̀, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ la ó fi kúrò lórí 22.04 kó tó di 2027. Ohun tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí ni kọ̀ǹpútà kejì tí a ó ti kọ́kọ́ dán an wò. Màmá ní owó rẹ̀ á ra àga fún kíláàsì kìíní. Mo ti dé kíláàsì náà: ọmọ mẹ́ta ló ń jókòó lórí àga kan.