Rovers na ọ̀gá, ṣùgbọ́n àkàbà Kánádà kò dé òkè

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 19, oṣù kẹrin, ọdún 2023, àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù kan kojú ẹgbẹ́ Valour FC ní pápá ìṣeré Swangard, ní ìlú Burnaby, lẹ́bàá Vancouver. Ọ̀pọ̀ nínú irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì, àwọn mìíràn sì ń ti ẹnu iṣẹ́ òòjọ́ wọn wá sí pápá. Valour ní tirẹ̀ wá láti Winnipeg. Bọ́ọ̀lù gbígbá ni iṣẹ́ wọn, owó oṣù ni wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn dún, 3-1 ni èsì, TSS Rovers, ẹgbẹ́ onílé, ni ó sì ni mẹ́ta. Láti ọdún 2018 tí wọ́n ti fàyè gba àwọn ẹgbẹ́ láti inú líìgì ìpínlẹ̀ nínú Canadian Championship, ìyẹn ìdíje tí ó ń pinnu ẹgbẹ́ tí ó ta yọ jù lọ ní gbogbo Kánádà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tíì lé ẹgbẹ́ olówó-oṣù jáde rí. Rovers ni ó kọ́kọ́ ṣe é.

Ayọ̀ náà pọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Kánádà bi ara wọn lóru ọjọ́ náà gan-an: lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ kékeré ti na ẹgbẹ́ ńlá tán, kí ni ó kàn? Ní England, ní Jámánì, ní Nàìjíríà pàápàá, ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe dáadáa nínú líìgì rẹ̀ fún odindi sáà yóò gòkè, èyí tí ó bá kùnà yóò já wálẹ̀. Ará Ìbàdàn wo ni ó gbàgbé bí 3SC ṣe já kúrò nínú líìgì àgbà ní ọdún 2017, tí ó sì di ọdún 2021 kí wọ́n tó rí ọ̀nà padà? Ó dunni, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbọ̀ wà. Ní Kánádà, kò sí ohun tí ó kàn fún Rovers ju ìpele tí ó tẹ̀ lé e nínú ìdíje náà lọ. Pacific FC dá wọn dúró níbẹ̀, wọ́n sì padà sínú líìgì kékeré wọn bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ irú líìgì tí wọ́n padà sí. Ọdún 2022 ni League1 British Columbia bẹ̀rẹ̀, inú sáà àkọ́kọ́ yẹn ni Rovers sì ti rí àyè wọn gbà láti kojú Valour. Ẹgbẹ́ méje péré ni ó wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí Rovers, lára wọn ni Victoria Highlanders, Altitude FC ti North Vancouver, Unity FC ti Langley, Rivers FC ti Kamloops, àti àwọn ọ̀dọ́ tí Vancouver Whitecaps ń tọ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Ẹni tí ó bá ń lọ bá Victoria gbá bọ́ọ̀lù láti Vancouver yóò wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Kamloops yóò fi mọ́tò gun òkè fún nǹkan bí 350 kìlómítà. Oṣù karùn-ún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oòrùn oṣù kẹjọ bá sì ń rọlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti parí. Kì í ṣe òtútù nìkan ni ó fa ìkánjú yìí. Àwọn yunifásítì ni wọ́n ń gba àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyí padà ní ìparí oṣù kẹjọ, òfin bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà kò sì fẹ́ràn ẹni tí ó ti gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan rí. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń gbá bọ́ọ̀lù láìgba kọ́bọ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní láti fi han ayé pé àwọn tó gbangba sùn lọ́yẹ́.

Ta ni ó wá ni Rovers fúnra rẹ̀? Kì í ṣe olówó kan ṣoṣo. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ la ìpín rẹ̀ fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì ra tiwọn. Olùkọ́, awakọ̀, akọ̀wé, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì: ẹni tí ó bá ti ra ìpín ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ bí àwọn ará ìlú ṣe ń dáwó jọ kọ́ gbọ̀ngàn, tí wọ́n sì ń fi orúkọ ìlú búra lẹ́yìn rẹ̀, kò ní í ṣe kàyéfì nípa irú ìfẹ́ yìí. Àwọn tí ó dáwó náà kò retí èrè owó. Ohun tí wọ́n retí ni pé kí ẹgbẹ́ wọn lè dé ibi tí agbára rẹ̀ bá lè gbé e dé.

Ibẹ̀ gan-an ni ìlérí ti já. Canadian Premier League, líìgì olówó-oṣù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019 pẹ̀lú ẹgbẹ́ méje, kì í gba ẹgbẹ́ wọlé nítorí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Owó ni ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò kó kalẹ̀ láti ra àyè. Ẹgbẹ́ tí ó bá sì gbẹ̀yìn níbẹ̀ kì í já wálẹ̀. Yóò sinmi, yóò sì tún gbìyànjú ní ọdún tí ń bọ̀. Rovers ìbá gba ife líìgì rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá léraléra, ìbá sì na ẹgbẹ́ olówó-oṣù kan lọ́dọọdún, ibi tí ó wà náà ni yóò wà.

Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn ìlànà yìí ní ìdí tiwọn, kò sì yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù olówó-oṣù ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ ní Kánádà, pé kò sí ẹni tí yóò kó owó rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ tí sáà búburú kan ṣoṣo lè gbá dànù. Ilẹ̀kùn títì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí i, ni ààbò. Ó dára, ṣùgbọ́n ta ni ààbò náà dáàbò bò? Ní ìparí ọdún 2022, líìgì náà fúnra rẹ̀ ni ó fòpin sí FC Edmonton. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn tí ó ni Valour, ẹgbẹ́ kan náà tí Rovers nà lálẹ́ ọjọ́ Ọjọ́rú yẹn, kéde pé àwọn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Kò sí èyí tí ó já wálẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Òfin tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe já wálẹ̀ ni wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi kú. Owó ni ó pa wọ́n, àti àga òfìfo nínú pápá ìṣeré. Lòdì sí èyí, ẹgbẹ́ tí kò ní owó oṣù láti san, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń fi ìpín kéékèèké gbé ró, ṣì wà láàyè.

Ohun tí ó jọni lójú ni pé àwọn aláṣẹ kan náà mọ ìwúlò àkàbà. League1 Ontario, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ ọkùnrin inú rẹ̀ fi lé ní ogún. Wọ́n wá pinnu pé láti ọdún 2024, àwọn yóò pín in sí ìpele-ìpele, kí ẹgbẹ́ lè máa gòkè, kí ó sì lè máa já wálẹ̀. Àmì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó jọ ní sáà 2022 àti 2023 ni wọ́n fi yan ibi tí yóò wà, méjìlá péré ni ó sì lè wọ ìpele àgbà àwọn ọkùnrin. Ẹ wo ohun tí èyí sọ sáà 2023 dà. Ní líìgì tí kò ní àkàbà, bí oṣù keje bá ti dé, ìdajì àwọn ẹgbẹ́ ni kò ní ohun tí wọ́n ń lé mọ́: wọn kò lè gba ife, ìyà kankan kò sì lè jẹ wọ́n. Ní ọdún yẹn, ẹgbẹ́ tí ó wà ní ipò kẹtàlá ń jà bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Ọ̀mì kan lálẹ́ ọjọ́ Àìkú lè túmọ̀ sí ìpele àgbà, ó sì lè túmọ̀ sí ìpele kejì.

Ìdíje tí nǹkan kò sí nídìí rẹ̀ ní ewu mìíràn, Ontario sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ọdún 2009, àwọn ọ̀daràn tí ń ta tẹ́tẹ́ láti ilẹ̀ Yúróòpù san 15,000 yúrò fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kan nínú líìgì Kánádà ìgbà náà kí wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi. Ilé ẹjọ́ ìlú Bochum ní Jámánì ni ọ̀rọ̀ náà ti tú síta. Ìtìjú yẹn wà lára ohun tí ó mú kí àjọ bọ́ọ̀lù Kánádà yọ ọwọ́ ìtẹ́wọ́gbà rẹ̀ kúrò lórí líìgì náà ní ọdún 2013, kí League1 Ontario sì tó rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré, tí ìdíje rẹ̀ kò sì já mọ́ nǹkan kan, ni ọlọ́tẹ́ẹ́tẹ́ máa ń wá. Lóòótọ́, àkàbà nìkan kò lè lé ọ̀daràn lọ, ṣùgbọ́n ó ń dín ọjà tí wọ́n lè rà kù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ìmọ̀ wà ní ìsàlẹ̀, kí ó wo àwọn tí ó ti ibẹ̀ jáde. Cyle Larin gbá bọ́ọ̀lù fún Sigma FC ti Mississauga ní sáà àkọ́kọ́ League1 Ontario. Ní ọdún 2015, òun ni Orlando City kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tí líìgì MLS ń yàn, ó sì gbá góòlù 17 wọlé lọ́dún náà. Tajon Buchanan gba Sigma kan náà kọjá kí ó tó dé Club Brugge àti Inter ti Milan. Alistair Johnston wọ aṣọ Vaughan Azzurri kí ó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Celtic. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ikọ̀ Kánádà ní Qatar ní ọdún 2022, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà padà sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lẹ́yìn ọdún 36. Bobby Smyrniotis, akọ́nimọ̀ọ́gbá Sigma, kọjá sí Forge FC ti Hamilton, ó sì gba ife Canadian Premier League lọ́pọ̀ ìgbà.

Ènìyàn ń gòkè, nígbà náà. Ẹgbẹ́ ni kì í gòkè. Ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọmọ náà, tí ó rà bàtà fún un, tí òbí rẹ̀ ń fi mọ́tò gbé e wá nínú yìnyín, ibi tí ó wà ní àná ni ó wà lónìí. Òfin FIFA ní kí wọ́n pín 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá fi ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ó dára. Ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú ọmọ yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ láti dàgbà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn àti owó ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe àròsọ. Kánádà fẹ̀. Láti Victoria dé Halifax, ọkọ̀ òfuurufú yóò fò la ilẹ̀ náà já láti òkun dé òkun, ẹgbẹ́ tí olùkọ́ àti awakọ̀ dáwó jọ fún kò sì lè ru irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ lọ́la tàbí lọ́túnla. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n fi ipá tì í sókè. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí àwọn tí ó borí nínú líìgì Ontario, Quebec àti British Columbia bá ara wọn wọ̀yá ìjà ní ìparí sáà, kí wọ́n sì fi àyè nínú líìgì olówó-oṣù lọ ẹni tí ó bá ta yọ. Bí ó bá ní pápá ìṣeré tí ó péye àti owó tí ó tó, kí ó wọlé láìra àyè. Bí kò bá ní in, kí wọ́n fún un ní ọdún díẹ̀ láti wá a, kí àwọn olówó ìlú rẹ̀ lè mọ̀ pé ìdí wà tí ó fi yẹ kí wọ́n dìde. Ní báyìí, kí ni olówó Kamloops fẹ́ torí rẹ̀ kọ́ pápá? Àwọn obìnrin ti ń ṣe apá kan nínú èyí: láti ọdún 2022 ni àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé lẹ́yìn sáà láti mọ ọ̀gá. Nígbà tí Northern Super League, líìgì olówó-oṣù àwọn obìnrin, sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025, inú ẹgbẹ́ North Toronto ti League1 Ontario ni AFC Toronto ti yọ jáde. Owó ni wọ́n fi ra ọ̀nà náà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé gbòǹgbò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lè gbé igi ńlá ró.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2026, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé yóò dé Toronto àti Vancouver. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù karùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ Rovers yóò ti padà sí Swangard láti bẹ̀rẹ̀ sáà mìíràn, ní ibi tí kò jìnnà sí pápá ńlá tí gbogbo ayé yóò máa wò. Àwọn tí ó ni ìpín yóò jókòó sí àga wọn. Aṣojú Valour kankan kò ní í sí níbẹ̀ mọ́ tí wọn yóò tún fi ayọ̀ nà.